Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀? Àgbéyẹ̀wò Ìdarí Kọ̀ǹpútà Láàárín Ilé-iṣẹ́, Ìjọba àti Ẹni Tí Ó Ra Ẹ̀rọ

Ìbéèrè kan wà tí ó ti ń gba àwọn amòfin, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn lọ́kàn fún nǹkan bí ogójì ọdún, òun náà ni pé bí ènìyàn bá fi owó ara rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, àṣẹ ta ni ẹ̀rọ náà yóò máa tẹ̀ lé? Ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn ni pé ẹni tí ó ra nǹkan ni ó ni ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kì í jọ̀wọ́ rẹ̀ tán nígbà tí ó bá tà á, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba náà ní ohun tí ó fẹ́ kí ẹ̀rọ ọ̀hún ṣe àti ohun tí kò fẹ́ kí ó ṣe. Àwọn tí ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń fi agbára ilé-iṣẹ́ sí apá kan, wọn a sì fi agbára ìjọba sí apá kejì, bí ẹni pé ọ̀ràn méjì ni wọ́n. Ọ̀ràn kan ṣoṣo ni. Ohun tí ilé-iṣẹ́ fi ti ẹ̀rọ pa nítorí èrè ni ìjọba ń wá lò nígbà tí ó bá fẹ́ pa ènìyàn lẹ́nu mọ́ tàbí tí ó bá fẹ́ wo àṣírí rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń bá ọ̀kan jà láìbá èkejì jà kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ti ẹ̀rọ pa yẹ ní àlàyé. Kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹ̀rọ tí ń tẹ̀ lé ìtọ́ni, àkójọ àwọn ìtọ́ni náà ni wọ́n sì ń pè ní sọ́fítíwíà. Ní àtètèkọ́ṣe, kọ̀ǹpútà kì í bi ìtọ́ni léèrè ibi tí ó ti wá, ìyẹn ni ó fi ṣeé ṣe fún ẹnikẹ́ni láti kọ ohun tí ó bá wù ú fún ẹ̀rọ rẹ̀. Lónìí, ní ìṣẹ́jú tí ènìyàn bá tan ọ̀pọ̀ fóònù, ìtọ́ni kékeré kan tí wọ́n ti fín sínú ẹ̀rọ láti ilé-iṣẹ́ yóò yẹ sọ́fítíwíà tí ó kàn wò bóyá ó ní òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́, èyí tí í ṣe nọ́ńbà gígùn kan tí ẹni tí ó bá ní kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ nìkan lè ṣe. Bí òǹtẹ̀ náà kò bá sí, ẹ̀rọ kò ní jí. Bí ó bá sì wà, èyí tí ó jí yóò tún yẹ èyí tí ó tẹ̀ lé e wò, títí tí yóò fi kan àwọn áàpù tí ènìyàn ń lò lójoojúmọ́. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ra ilé, tí wọ́n fún un ní ìwé ilé, ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó tà á fún un di kọ́kọ́rọ́ géètì mú, tí ó sì ń yan àlejò tí ó lè wọlé.

Ẹni tí ó bá gbọ́n lè wá ọ̀nà já irú àgádágodo bẹ́ẹ̀, nítorí náà ohun tí ó sọ ọ́ di alágbára gan-an ni òfin. Ní oṣù kejìlá 1996, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Geneva lábẹ́ WIPO, àjọ tí ń bójú tó ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ ọpọlọ, wọ́n sì fẹnu kò pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fi òfin dáàbò bo àgádágodo tí àwọn òǹkọ̀wé, olórin àti olùṣe fíìmù bá fi sórí iṣẹ́ wọn. Amẹ́ríkà mú àdéhùn náà ṣẹ ní oṣù kẹwàá 1998 pẹ̀lú òfin tí wọ́n ń pè ní DMCA, abala 1201 inú rẹ̀ ni ó sì yí ọ̀rọ̀ padà. Kí òfin yìí tó dé, ohun tí òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ, ìyẹn òfin tí ń sọ ẹni tí ó ní àṣẹ láti da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ, kà sí ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn da iṣẹ́ kọ láìgbàṣẹ. Lẹ́yìn tí ó dé, ẹni tí ó já àgádágodo ti dáràn, ì báà má da ohunkóhun kọ, ẹni tí ó ṣe irinṣẹ́ ìjá-àgádágodo fún ẹlòmíràn sì ti dá ọ̀ràn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n ya àgádágodo sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó ń ṣọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀.

Kò pẹ́ tí èso rẹ̀ fi yọ. Dmitry Sklyarov, ọmọ Rọ́ṣíà tí ó ń ṣiṣẹ́ sọ́fítíwíà, lọ sí Las Vegas ní oṣù keje 2001 láti sọ̀rọ̀ lórí bí àgádágodo ìwé orí ẹ̀rọ ti Adobe ṣe lẹ́gẹ́ tó, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mú un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú un kò lòdì sí òfin ní ilẹ̀ tí ó ti ṣe é. Ní oṣù kejìlá 2002, àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ dá ElcomSoft, ilé-iṣẹ́ tí ó gbà á síṣẹ́, láre, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti wọ ọkàn àwọn olùwádìí. Ó yani lẹ́nu bí òfin tí wọ́n ṣe nítorí orin àti fíìmù ṣe yára kúrò níbẹ̀: Lexmark, tí ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù nítorí tádà ẹ̀rọ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Chamberlain sì gbé tirẹ̀ lọ nítorí rìmóòtù tí ń ṣí ilẹ̀kùn ilé ọkọ̀. Àwọn ilé-ẹjọ́ kò gbà fún àwọn méjèèjì ní 2004, èyí tí ó dára púpọ̀, àmọ́ ilé-iṣẹ́ kékeré tí kò lówó agbẹjọ́rò kì í dúró de ìdájọ́.

Òfin náà fi fèrèsé kan sílẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, Ilé-ìkàwé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn tí ó fẹ́ àyè láti já àgádágodo nítorí ìdí rere. Ní 2010, wọ́n fún àwọn oní-fóònù ní àyè láti fi áàpù tí ó bá wù wọ́n sórí fóònù wọn. Ní 2012, wọ́n kọ̀ láti sọ àyè tí ó wà fún ẹni tí ó fẹ́ gbé fóònù tuntun láti nẹ́tíwọọ̀kì kan lọ sí òmíràn dọ̀tun, ó sì di 2014 kí òfin pàtàkì kan tó dá a padà. Kùdìẹ̀-kudiẹ tí ó wà nínú ètò yìí kò kéré. Àyè náà wà fún ẹni tí ó ni ẹ̀rọ láti já àgádágodo, ṣùgbọ́n Ilé-ìkàwé náà kò ní agbára láti fún ẹnikẹ́ni láyè pé kí ó ṣe irinṣẹ́ tí wọn yóò fi já a, kí ó sì tà á. Ẹ̀tọ́ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nìkan lè lò kò yàtọ̀ púpọ̀ sí àìlẹ́tọ̀ọ́ fún mẹ̀kúnnù.

Ní Nàìjíríà, tí òun náà wọ inú àdéhùn WIPO náà ní 2017, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu Òfin Ẹ̀tọ́ Àwòkọ ti 2022 ní oṣù kẹta 2023, òfin náà sì ní abala tí ń dáàbò bo irú àgádágodo yìí. Ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn ló gbóríyìn fún un nítorí àwọn olórin àti àwọn tí ń ṣe fíìmù, wọ́n sì jàre, nítorí ìyà ti jẹ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn lọ́wọ́ àwọn aṣàdàkọ. Ohun tí ó bani nínú jẹ́ ni pé ìwọ̀nba ènìyàn ni ó béèrè nígbà náà ohun tí abala bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n ṣí ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe ẹ̀rọ sì ni ibi tí gbogbo àríyànjiyàn yìí ti kan ilé àti oko. Ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pariwo. Katakata tí John Deere ń ṣe lóde òní kún fún kọ̀ǹpútà, bí ẹ̀yà ara rẹ̀ kan bá sì bàjẹ́, àgbẹ̀ lè ní èyí tí yóò fi rọ́pò rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sí i, síbẹ̀ kí katakata má gbà á títí tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yóò fi gbé sọ́fítíwíà tirẹ̀ dé. Àsìkò ìkórè kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní 2015 ni Ilé-ìkàwé náà fún àwọn àgbẹ̀ láyè láti wọ inú sọ́fítíwíà katakata wọn, ní 2023 ni ìpínlẹ̀ Colorado ṣe òfin ẹ̀tọ́ àtúnṣe ẹ̀rọ oko, tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kìn-ín-ní 2025 sì ni àjọ tí ń mójú tó òwò ní ilẹ̀ náà pe John Deere lẹ́jọ́.

Ti fóònù kò yàtọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016, àwọn tí ó ti pààrọ̀ bọ́tìnnì iwájú iPhone 6 wọn lọ́dọ̀ atúnfóònùṣe tí kì í ṣe ti Apple rí i pé bí wọ́n bá ti gba sọ́fítíwíà tuntun, fóònù náà á kú pátápátá, nọ́ńbà 53 nìkan ni yóò sì máa fi hàn. Ilé-ẹjọ́ ní Ọsirélíà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 9 dọ́là ilẹ̀ wọn lé Apple ní 2018, nítorí pé ó ti sọ fún àwọn oníbàárà pé wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí àtúnṣe mọ́. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ ni àṣà fífi nọ́ńbà so ẹ̀yà ara ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ra: ojú fóònù, bátìrì àti kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, fóònù sì mọ èyí tí wọ́n bí mọ́ ọn, débi pé bí atúnṣe bá yọ ojú fóònù kan, tí ó sì fi ti fóònù mìíràn tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe sí i, fóònù lè kọ̀ láti lo apá kan rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oregon fòfin de àṣà yìí ní 2024. Ìpalára rẹ̀ fún ọjà bí Computer Village ní Ìkẹjà kò ṣòro láti rí, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀yà ara fóònù tí ó ti kú ti ń jí òmíràn dìde, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tí wọ́n sì gba òmìnira, ibẹ̀ ni fóònù àlòkù láti òkè òkun sì ti ń di ohun tí òṣìṣẹ́ olówó-oṣù kékeré lè rà. Bí ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní California bá yí ìtọ́ni díẹ̀ padà, iṣẹ́ tí ènìyàn kọ́ fún ọdún mẹ́ta lè di asán ní ọjọ́ kan, láìsí ẹni tí yóò bi onítọ̀hún léèrè.

Ẹ̀rọ tí wọ́n tà tán tún ṣì wà ní ìkáwọ́ ẹni tí ó tà á láti ọ̀nà jíjìn. Ní oṣù keje 2009, Amazon pa ẹ̀dà ìwé 1984 àti Animal Farm ti George Orwell rẹ́ kúrò lórí Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé tirẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tí ó ti sanwó fún un, nítorí pé ẹni tí ó gbé e sórí àtẹ kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Ilé-iṣẹ́ náà dá owó padà, ọ̀gá rẹ̀ nígbà náà, Jeff Bezos, sì tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti rí i pé ó ṣeé ṣe. Ní oṣù kẹrin 2010, Sony fi sọ́fítíwíà tuntun gba agbára tí ẹ̀rọ eré PlayStation 3 ní láti lo Linux, ìyẹn sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí ń darí kọ̀ǹpútà, kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ó torí rẹ̀ rà á. Àwọn tí ń ta fóònù láwìn ní Nàìjíríà ní irú ọ̀nà yìí pẹ̀lú: bí oníbàárà bá jẹ́ kí ọjọ́ ìsanwó kọjá, fóònù yóò tì pa níbi tí ó wà. Òwò ni, àwọn kan sì wà tí wọn ì bá má ní fóònù rárá láìsí i, síbẹ̀ kò yẹ kí òfin dákẹ́ lórí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí fóònù rẹ̀ ti pa ní alẹ́ tí ó fẹ́ pe dókítà.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ti wá ní kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo sí ẹ̀rọ mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ìjọba kò níṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe mọ́. Kò sí ìdí fún un láti máa wọ ilé dé ilé. Lẹ́tà kan sí ilé-iṣẹ́ náà ti tó. Ní oṣù keje 2017, Apple yọ àwọn áàpù VPN, ìyẹn àwọn tí ń bá ènìyàn gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá ìdènà ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kúrò ní ìsọ̀ áàpù rẹ̀ ní Ṣáínà. Ní oṣù kẹwàá 2019, ó yọ áàpù àwòrán ilẹ̀ tí àwọn olùwọ́de ní Hong Kong fi ń mọ ibi tí ọlọ́pàá wà. Ní oṣù kẹsàn-án 2021, Apple àti Google jọ yọ áàpù tí àwọn ọmọlẹ́yìn Alexei Navalny, alátakò ìjọba, ṣe fún ìdìbò ní Rọ́ṣíà. Lórí iPhone ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyẹn, níbi tí kò sí ọ̀nà mìíràn tí áàpù lè gbà wọlé fún ará ìlú, ẹnu ìsọ̀ tí ó sé ni òpin ọ̀rọ̀.

Nàìjíríà fi òdìkejì rẹ̀ hàn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní oṣù kẹfà 2021, lẹ́yìn tí Twitter ti pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ rẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni ìjọba pàṣẹ fún, wọ́n sì ṣe bí wọ́n ti wí. Àmọ́ àwọn ènìyàn fi VPN sórí fóònù wọn, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, pẹ̀lú gbogbo ìhàlẹ̀ ọ̀gá agbẹjọ́rò ìjọba pé òun yóò pe àwọn tí ó bá tàpá sí òfin náà lẹ́jọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìyẹn fi ṣeé ṣe ni pé fóònù wọn ṣì gbà láti lo áàpù tí ìjọba kò fẹ́. Oṣù méje ni ìtìpa náà gbà, ó parí ní oṣù kìn-ín-ní 2022, ilé-ẹjọ́ ECOWAS sì dájọ́ ní oṣù keje ọdún náà pé kò bófin mu. Ilé-ẹjọ́ yìí kan náà ti dá Togo lẹ́bi ní oṣù kẹfà 2020 nítorí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gé ní oṣù kẹsàn-án 2017 nígbà ìwọ́de, ó sì ní kí ìjọba san mílíọ̀nù 2 fáráànsì CFA fún àwọn olùpẹjọ́. Benin náà gé tirẹ̀ ní ọjọ́ ìdìbò sílé aṣòfin, ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2019. Ìdájọ́ máa ń dé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ sórí, ṣùgbọ́n àwọn ìdájọ́ wọ̀nyí ṣe pàtàkì, nítorí pé wọ́n ti fi ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sínú òfin ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Ẹjọ́ tí ó ṣí ojú ọ̀rọ̀ yìí jù lọ ni èyí tí ó wáyé láàárín FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, àti Apple ní 2016. Lẹ́yìn ìpakúpa San Bernardino ní oṣù kejìlá 2015, níbi tí ènìyàn 14 ti kú, FBI rí fóònù ọ̀kan nínú àwọn apànìyàn náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ ti sọ di àmì tí ẹni tí kò bá mọ nọ́ńbà ìṣílẹ̀kùn kò lè kà. Adájọ́ pàṣẹ fún Apple, lábẹ́ òfin kan tí wọ́n ti ṣe láti 1789, pé kí ó kọ sọ́fítíwíà tuntun tí yóò mú ààbò fóònù náà dẹ̀. Kí ni ó dé tí FBI kò fi lè kọ ọ́ fúnra rẹ̀? Nítorí pé fóònù kò ní gba ohunkóhun tí kò ní òǹtẹ̀ Apple. Apple kọ̀, òkìkí rẹ̀ sì kàn, àwọn ẹlòmíràn sì bá FBI ṣí fóònù náà kí ilé-ẹjọ́ tó parí ọ̀rọ̀. Ó yẹ kí a yin Apple fún kíkọ̀ náà, ṣùgbọ́n àǹfààní tí ìjọba fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Ní oṣù kejì 2025, nígbà tí ìjọba Bìrìtìkó ti lo òfin ìwádìí rẹ̀ ti 2016 láti béèrè ọ̀nà sí ohun tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ sọ́dọ̀ Apple, ilé-iṣẹ́ náà kò fún wọn ní ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n ó gba ààbò tí ó lágbára jù lọ kúrò lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Bìrìtìkó, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá tí ó kúnbẹ̀.

Òfin dátà, tí ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ara ẹni, ti gbilẹ̀ ju àwọn òfin yòókù lọ. Nàìjíríà ní tirẹ̀ láti oṣù kẹfà 2023. Kí ó tó dé, ìròyìn ti kún nípa àwọn áàpù ayáni-lówó tí ń kó nọ́ńbà gbogbo ẹbí àti ọ̀rẹ́ inú fóònù ẹni tí ó yáwó, tí wọ́n sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ bà á lórúkọ jẹ́ káàkiri. Ní oṣù keje 2024, àjọ FCCPC, tí ń dáàbò bo oníbàárà, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, tí ó ni Facebook àti WhatsApp, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní oṣù kẹrin 2025. Iṣẹ́ gidi ni àjọ náà ṣe. Ṣùgbọ́n òfin dátà ń béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ fi àkọsílẹ̀ wa ṣe lẹ́yìn tí ó ti gbà á. Kì í béèrè ìdí tí ẹ̀rọ wa fi ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu jù wá lọ. Òfin FCCPC ti 2018, tí ó lòdì sí àṣìlò agbára lórí ọjà, lè béèrè rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ara fóònù tí wọ́n fi nọ́ńbà so dé iwájú àjọ náà.

Àwọn tí ń gbèjà àgádágodo ní àwíjàre tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ tì. Wọ́n ní àwọn oníjìbìtì ń tan àwọn àgbàlagbà láti fi áàpù olè sórí fóònù, tí owó báǹkì wọn á sì lọ, wọ́n ní òǹtẹ̀ ni ó ń dènà rẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ń dènà púpọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí kò tẹ̀ lé e ni pé kí oní-ǹkan má ní kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí Microsoft gbé Windows 8 jáde ní 2012, ó béèrè pé kí kọ̀ǹpútà tuntun máa yẹ òǹtẹ̀ wò bí wọ́n bá tàn án, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ariwo àwọn oní-Linux, ó ní kọ̀ǹpútà tí ó ń lo ẹ̀yà Intel nígbà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oní-ǹkan pa àyẹ̀wò náà tàbí kí ó fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ sí i. Lórí àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì tí ó ń lo ẹ̀yà ARM, Microsoft kò gbà bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan, ọdún kan, ìlànà méjì: ìpinnu òwò ni ó fa ìyàtọ̀ náà, kì í ṣe ààbò.

Richard Stallman, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ GNU ní 1983 kí sọ́fítíwíà lè jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà, kí ó tún ṣe, kí ó sì pín, ti rí ewu yìí tipẹ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ TiVo, tí ó ṣe ẹ̀rọ tí ń gba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, lo Linux, tí ó fi kóòdù rẹ̀ hàn bí ìwé àṣẹ GNU tí Linux ń lò ti wí, àmọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kọ̀ láti lo ẹ̀dà tí oníbàárà bá tún ṣe, ó di dandan kí wọ́n tún ìwé àṣẹ náà kọ ní 2007. Linux kọ̀ láti lo tuntun náà, orí Linux sì ni Android dúró lé. Òfin DMA ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí ó ń de àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá láti oṣù kẹta 2024, fipá mú Apple láti gba ìsọ̀ áàpù mìíràn láyè ní Yúróòpù, síbẹ̀ áàpù inú àwọn ìsọ̀ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba òǹtẹ̀ Apple.

Android ni ó ti jẹ́ ibi ìsádi, nítorí pé ènìyàn lè gba áàpù láti ibikíbi kí ó sì fi sórí rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2025, Google kéde pé láti oṣù kẹsàn-án 2026, ní Brazil, Indonesia, Singapore àti Thailand, fóònù Android tí òun fọwọ́ sí kò ní gba áàpù tí ẹni tí ó ṣe é kò bá tíì fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ hàn fún Google, àti pé ìlànà náà yóò kan àwọn orílẹ̀-èdè yòókù láti 2027 lọ. Lẹ́yìn ariwo, ó ní òun yóò fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún àwọn tí ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Bí ìlànà náà bá dé Nàìjíríà, ọ̀dọ́ tí ó bá ṣe áàpù tí inú ìjọba kò dùn sí yóò ti fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ìjọba lè kọ lẹ́tà sí, VPN tí àwọn ènìyàn fi kọjá ìtìpa 2021 yóò sì nílò àṣẹ ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà kí fóònù ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbà á wọlé.